Màmá Ọlọ́ṣẹ Dé Ẹnubodè

Màmá Ọlọ́ṣẹ jókòó lé páálí ọṣẹ rẹ̀ lẹ́nubodè, ìdí ńlá bò ó mọ́lẹ̀.

"Ẹni tó bá fẹ́ gba ọṣẹ mi, kó kọ́kọ́ gbé mi!"

Aṣọ́bodè ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbé igi tó dábùú ọ̀nà sókè. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ọṣẹ yín ò ní àmì àyẹ̀wò. Kò lè kọjá."

"Àyẹ̀wò kí ni? Ṣebí ara mi ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò láti ìgbà ọmọge! Wo ọrùn mi bó ṣe ń dán!"

Àwọn awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Ọkàn Màmá ò balẹ̀. Oníbàárà rẹ̀ ń dúró lódìkejì, ó sì ti ní bí ọṣẹ ò bá dé lónìí, òun á rà á lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

"Ta tiẹ̀ ni aláìnítìjú tó ní kí wọ́n ṣe òfin yìí? Ẹ mú mi lọ bá a, kí n fi ọṣẹ fọ ẹnu ẹ̀!"

Aṣọ́bodè wolẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ̀yin ni."

Òótọ́ ni. Lọ́dún tó kọjá, tí ọṣẹ olówó pọ́ọ́kú ń wọlé láti òdìkejì, Màmá ló kó àwọn ọlọ́ṣẹ jọ, tó dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà yìí gan-an, tó ní ọṣẹ tí ò bá ní àmì ò gbọdọ̀ kọjá.

Kò rántí sọ pé èyí tó ń wọlé nìkan lòun ń wí.

Ọkọ̀ kan ń bọ̀ láti òdìkejì. Ọṣẹ ló kún inú rẹ̀, àmì wà lára gbogbo páálí.

Igi gbéra fún un wẹ́rẹ́.

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọlọ́ṣẹ òdìkejì, àṣé iṣẹ́ yín ni mo lọ bá yín ṣe!"