Agolo Èròjà Àgbò

Àgbò káfíńtà ga, ó sì sanra, àmọ́ odindi ọdún kan ti kọjá tí àwọn abo inú ọgbà rẹ̀ ò lóyún. Káfíńtà fẹ́ kó gbogbo abo náà tà. Ìyàwó rẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ pe dókítà ẹran.

Dókítà gun alùpùpù dé. Ọkùnrin tó rọra ń sọ̀rọ̀ ni, aṣọ rẹ̀ mọ́, kò sì kánjú. Ó yẹ àwọn abo wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ ikùn wọn. Lẹ́yìn náà ló wá wo pátákò àgbò àti ibi tí irun ti ń re lẹ́yìn etí rẹ̀.

"Ọ̀gá káfíńtà, kò sóhun tó ṣe àwọn abo yìí. Àgbò yín ni. Èròjà síǹkì ò tó nínú oúnjẹ tó ń jẹ, kò sì lè fún abo lóyún bẹ́ẹ̀."

"Àgbò mi kẹ̀?" Káfíńtà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo bó ṣe rí gìdìgbà!"

"Kì í ṣe ti gìdìgbà," ni dókítà wí.

Ìyàwó káfíńtà ò rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ dókítà. Káfíńtà rí i, kò sì dùn mọ́ ọn nínú.

Ó pẹ́ tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, wọn ò tíì bímọ. Ilé ìwòsàn ti yẹ ìyàwó wò, wọ́n ní kò sóhun tó ṣe é, kó mú ọkọ rẹ̀ wá. Káfíńtà ní ara òun le koko, kò sẹ́ni tó máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ìyá káfíńtà, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, ti là á mọ́lẹ̀ pé bí ọdún yìí bá tún lọ lásán, òun á fẹ́ ìyàwó mìíràn fún ọmọ òun.

Dókítà gbé àpò èròjà kan wá, ó ní kí wọ́n máa bù ú sórí oúnjẹ àgbò. Wọ́n gbé àpò náà sẹ́nu ọ̀nà ọgbà. Ìyẹn ò da káfíńtà láàmú. Àmọ́ nígbà tí dókítà tún wá, káfíńtà bá a pẹ̀lú ìyàwó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ìyàwó ń fi etí aṣọ nu ojú. Bí wọ́n ṣe rí i ni wọ́n dákẹ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó rí wọn láti ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: dókítà na agolo kékeré kan sí ìyàwó, ìyàwó sì yára tì í bọ abẹ́ ìborùn.

Káfíńtà wá agolo náà títí ó fi rí i lẹ́yìn àpótí aṣọ ìyàwó. Ìyẹ̀fun funfun ló wà nínú rẹ̀.

"Kí nìyí?"

Ìyàwó ta gìrì. "Èròjà ni. Ti àgbò."

"Ti inú àpò yẹn ńkọ́?"

"Èyí lágbára ju ìyẹn lọ. Mi ò fẹ́ kí èkúté dà á nù ni."

Káfíńtà dá agolo padà sẹ́yìn àpótí. Ó ń jowú, ó sì mọ̀ pé òun ń jowú. Bó bá ti gbúròó alùpùpù, á sáré lọ yọjú lójú fèrèsé. Oúnjẹ ò wù ú mọ́. Tíì òwúrọ̀ pàápàá ń dà bí ẹfun lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó á jókòó tì í, á ní, "Ẹ mu ún tán, ó ti ń tutù," á wo ìsàlẹ̀ ife kó tó gbé e lọ. Káfíńtà á máa wò ó pé irú ìkẹ́ wo rèé. Ẹni tó ń dalẹ̀ ọkọ ló ń ṣe báyìí.

"Ìwọ àti dókítà rẹ," ló wí lọ́jọ́ kan.

"Dókítà mi kẹ̀? Dókítà àgùntàn yín ni, ẹ jọ̀ọ́."

Bí àgùntàn bá bí, dókítà á di olóore nínú ilé yìí. Káfíńtà ò ní gbà. Nígbà tí ìyàwó lọ sọ́jà, ó da ìyẹ̀fun inú agolo sínú ṣáláńgá, ó rọ mílíìkì oníyẹ̀fun dípò rẹ̀, ó dá a padà sáyè rẹ̀. Gbogbo agolo tí dókítà bá mú wá lẹ́yìn náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí.

Ọkàn rẹ̀ wá balẹ̀. Tíì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń bèèrè ife kejì. Inú ìyàwó ń dùn bó ṣe ń bù ú.

Àfi bí ikùn àwọn abo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Nígbà tí wọ́n máa bí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló bí ìbejì. Ojú káfíńtà kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó rò ó, ó tún un rò, ó wá dá a lójú: mílíìkì ni àgbò ń lá, síbẹ̀ wọ́n bí. Àwáwí lásán ni gbogbo èròjà yẹn. Ìyàwó òun ni ọkùnrin yìí ń wá wò.

Lọ́jọ́ tí dókítà fẹ́ wá wo àwọn ọmọ àgùntàn, ìyá káfíńtà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Àgùntàn gan-an ti bí," ni ìyá wí. "Ọmọbìnrin tí mo rí fún ọkọ rẹ ń bọ̀ lọ́la."

Ìyàwó kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ ṣàánú mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ sí i. Ó ti kù díẹ̀. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe."

Dókítà wọlé. Káfíńtà gbé agolo jáde, ó fi í lélẹ̀ gbàgà níwájú gbogbo wọn.

"Dókítà, ẹ káre o! Mílíìkì ló wà nínú agolo yìí látọjọ́ yìí. Ṣáláńgá ni mò ń da tiyín sí. Síbẹ̀ àgùntàn mi bí. Ó yá, ẹ sọ ohun tí ẹ ń wá nílé mi fún ìyá mi."

Dókítà yíjú sí ìyàwó. Ìyàwó mú agolo náà, ó fi ìka tọ́ ọ wò, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ṣé gbogbo agolo yẹn lẹ dànù?"

"Gbogbo ẹ̀ pátápátá!" ni káfíńtà wí, inú rẹ̀ sì dùn.

"Inú àpò ni ti àgbò wà," ni ìyàwó rẹ̀ wí jẹ́jẹ́, "èyí tí ìyàwó dókítà tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ń bá mi gbà wá láti ilé ìwòsàn, inú tíì yín ni mò ń bù ú sí láràárọ̀."