Ìdọ̀bálẹ̀ Atúnkọ̀ǹpútàṣe

Ìdọ̀bálẹ̀ ló pa kọ̀ǹpútà bàbá Sọ̀fíyàt, nínú ṣọ́ọ̀bù atúnkọ̀ǹpútàṣe kan ní Ìwó. Atúnkọ̀ǹpútàṣe náà fẹ́ fi Sọ̀fíyàt ṣaya, ọdún kan gbáko ló sì ti ń retí kí bàbá rẹ̀ pe òun wá sílé.

"Kí lo ń ṣe sí i gan-an?" Sọ̀fíyàt bi í.

"Ètò kékeré kan ló máa ń kọ́kọ́ jí nínú ẹ̀rọ, tí á sọ ohun tí ọpọlọ ẹ̀rọ máa ṣe fún un. Mo ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Bátìrì ti kú, wáyà iná ò gbọdọ̀ yọ fún ìṣẹ́jú méjì sí i."

"Tó bá yọ ńkọ́?"

"Ọpọlọ á wà níbẹ̀, kò kàn ní mọ ohun tó máa ṣe."

"Bíi tìẹ, tí o bá ti rí bàbá mi."

Àfi bí bàbá ṣe wọlé. Atúnkọ̀ǹpútàṣe nà gbọọrọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fa wáyà yọ. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú.

"O kú iṣẹ́. Ṣé ó ti jí?"

"Kò lè jí mọ́, Bàbá," Sọ̀fíyàt dáhùn. "Ibi tó ti ń kí yín ló ti pa á."

Bàbá wo ẹni tó ṣì wà nílẹ̀. "Ìbéèrè ìdánwò ilé-kéwú ni mo fẹ́ tẹ̀ o." Ó gbé kọ̀ǹpútà tí atúnkọ̀ǹpútàṣe fúnra rẹ̀ ń lò sábẹ́ apá. "Tí o bá fẹ́ lo èyí, máa bọ̀ nílé wa ní Kuta. Sọ̀fíyàt á máa gbé oúnjẹ fún ọ."

Bí wọ́n ṣe pè é wá sílé nìyẹn. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó ní ló ná an.