Ilé Tí Wọ́n Pè Ní Ayédèrú

Nígbà tí Akínlabí ń ya àwòrán báńkì tí àwọn ará Òkè-Ọsàn fẹ́ kọ́, ilé Ìyá Ọdúnọlá ló fi ṣe àwòkọ́ṣe: ògiri alámọ̀ tó nípọn, òpó tí wọ́n gbẹ́ lọ́nà, àgbàlá tí òjò ń rọ̀ sí. Inú ìyá àgbà náà dùn. "Bàbá mi ló fẹsẹ̀ po amọ̀ yìí," ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí i.

Akínlabí fi àwòrán ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Kó tó mu ẹ̀kọ òwúrọ̀ tán, ẹ̀rọ kan fò dé, ó sì fi ọ̀dà pupa kọ AYÉDÈRÚ sára ògiri ìyá.

"Báńkì ló ni àwòrán yìí báyìí," ni ohùn inú ẹ̀rọ wí. "Ilé méjì kò gbọdọ̀ jọra. A ó wó èyí lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ ṣeun, sà, tí ẹ jẹ́ ká mọ̀ nípa rẹ̀."

"Ilé yìí ti wà kí wọ́n tó bí mi," ni Akínlabí wí.

"Kò sí lákọsílẹ̀, sà."

"Akínlabí, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" ni ìyá bi í.

Ó kọjú sí ẹ̀rọ náà. Ọpẹ́ tí wọ́n dú lọ́wọ́ rẹ̀ rí i lára ju ọ̀dà náà lọ. Itọ́ ẹnu rẹ̀ korò. "Mo fa àwòrán mi padà," ló wí.

"A ò ní wó ilé yìí mọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò ní lè ya ilé mọ́ láéláé, sà."

"Mo gbọ́."

Ẹ̀rọ náà fò lọ.

"Báńkì wa ńkọ́?" ni ìyá wí.

"Dígí ni wọn ó fi kọ́ ọ, mà." Ó tutọ́ sílẹ̀, ó pọnmi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ògiri.