Garawa Mẹ́ta Nínú Òjò Dídì

Láti ìgbà tí Borghild ti di ìyàwó ilé náà, ẹnu ọ̀nà ilé ìpọntí ló máa ń mọ. Baba Halvard, bàbá ọkọ rẹ̀, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìkòkò ọtí òun.

Steinar, ọkọ rẹ̀, wà ní Lofoten níbi tó ti ń pẹja. Ó ga débi pé ojú kan ti dán lára àtẹ́rígbà ilé ìpọntí, níbi tó ti máa ń forí gbá a bó bá gbàgbé láti tẹ̀ríba. Baba Halvard ní tirẹ̀ kì í tẹ̀ríba. Fìlà orí rẹ̀ gan-an kì í kan àtẹ́rígbà náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Borghild ń fún wàrà lọ́wọ́ nígbà tó rí pásítọ̀ tó ń jáde nílé wọn. Nígbà tó wọlé, kọfí àlejò ṣì kún inú ife.

"Kí ni pásítọ̀ wá ṣe, Baba?"

"Ó wá kí mi." Baba Halvard wúkọ́. "Dáná. Ìwọ lo máa pọntí lónìí."

"Èmi? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kọfí mi lè pa ẹṣin?"

"Ó lè pa á. Dáná."

Wọ́n se omi ọkà báálì títí tó fi hó, wọ́n sì sẹ́ ẹ. Ó dúdú, ó dùn bí oyin.

"Ibí ni aláìmọ̀kan ti ń ba ọtí jẹ́," Baba wí. "Bó bá rọra ń tutù, á kan kí ìwúkàrà tó débẹ̀. Dà á sínú garawa wàrà, rì í mọ́ inú òjò dídì, kó o máa rò ó. Bó bá ti rí lọ́wọ́ọ́wọ́ bíi wàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́mú màlúù, pè mí."

Borghild ri garawa mẹ́ta. Ó ń rò ó lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ tí Baba ń gbé pákó sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà. Kò sí ilé tí kò ní irú pákó bẹ́ẹ̀ lágbègbè náà. Wọn kì í fọwọ́ kàn án àfi bí wọ́n bá fẹ́ kan pósí.

Ọwọ́ Borghild dúró. Ó rántí ikọ́ Baba. Ó rántí pásítọ̀.

Wọn kì í sìnkú níbẹ̀ láìsí ọtí tí wọ́n pọn nínú ilé olókùú. Baba Halvard kò sì jẹ́ fi iṣẹ́ kankan sílẹ̀ láìparí. Bí ọtí bá kan, á jẹ́ pé ó di dandan kó dúró pọn òmíràn kó tó kú. Borghild fa garawa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, ó sì fi awọ àgùntàn bò wọ́n kí ooru wọn má bàa lọ.

Baba dé, ó wo awọ náà. Kò bínú. Ó ká a kúrò, ó sì ti àwọn garawa padà sínú òjò dídì.

"Ọtí tó kan kì í dá pósí padà, ọmọ mi."

"Ẹ má tíì lọ, Baba. Ẹ tiẹ̀ dúró de Steinar."

Baba Halvard gba igi lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ro omi ọkà náà. Kò gbójú sókè.

"Mò ń dúró dè é. Ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ á gbé e dé."

"Ọjọ́ Ẹtì yìí? Ẹ ò sì sọ fún mi!" Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Borghild. "Nítorí yín ló ṣe ń bọ̀, àbí?"

"Jẹ́ ká parí èyí ná."

Ó ki ìgbọ̀nwọ́ bọ inú garawa, ó rí i pé ó ti tó, ó sì da ìwúkàrà sí i. Bí wọ́n bá pọn ọtí Kérésì tàbí ti ìgbéyàwó, ariwo ńlá ni wọ́n máa ń pa níbẹ̀ yẹn kí ọtí lè lágbára. Borghild la ẹnu láti pariwo. Baba Halvard mi orí pé rárá, ó ṣí fìlà rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó gbé pákó tó gùn jù dúró ti òpó ẹnu ọ̀nà, ó sì fi ọ̀bẹ fa ìlà sí i, ní ọ̀kánkán ibi tó dán lára àtẹ́rígbà, níbi tí orí Steinar ti máa ń gbá.