Ẹ̀rọ Ẹnu Ọ̀nà Àna

Àjìbádé wá tọrọ Fadérera, ó sì ti ìka bọ inú ẹ̀rọ tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá ọkùnrin tó ọkùnrin lẹ́nu ọ̀nà àna rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà pariwo: "Ó kù díẹ̀ káàtó!"

Bàbá ìyàwó bú sẹ́rìn-ín. "Ewúrẹ́ mi ní irùngbọ̀n jù ọ́ lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹṣẹ́ ọrùn mi, tó ń tú omi agbára sínú ẹ̀jẹ̀, ló ń ṣàìsàn. Mo ti ń lo oògùn."

"Máa lò ó nílé ìyá rẹ. Ààbọ̀ ọkùnrin kò ní fẹ́ ọmọ mi."

Fadérera kúnlẹ̀. "Bàbá mi, ẹ̀rọ yín ti pẹ́ jù. Mo ti lóyún oṣù mẹ́ta fún un."

Bàbá tú ẹ̀rọ náà kúrò lára ògiri, ó sì gbé e sún mọ́ ikùn ọmọ rẹ̀.

"Dìde dúró. Jẹ́ ká wo irú ọkùnrin tí o gbé sínú."