Wárí àbí Yarí?

Àlọ́ mi já wọ̀ọ̀, ó já sétí odò kan ṣoṣo tí ọ̀dá ṣẹ́kù. Àmọ̀tẹ́kùn ló jókòó tì í: ẹni tí kò bá wárí fún òun kò ní mu.

Òòrẹ̀ dé, òùngbẹ ti fẹ́ pa ọmọ ẹ̀.

"Wárí!"

"Mo yarí."

"Ṣé ahọ́n rẹ lọ́ ni? Wárí ni mo wí!"

"Mo gbọ́, bàbá. Mo yarí kanlẹ̀ ni."

Òòrẹ̀ kẹ̀yìn sí i, ó na ẹ̀gún, ó dárin:

"Ṣé ẹ ó wárí?"

Gbogbo ẹranko tí òùngbẹ kó dé etí odò gbè é: "A yarí!"

Àmọ̀tẹ́kùn wo ẹ̀gún, ó yẹ̀ lọ́nà. Ọmọ Òòrẹ̀ mumi yó.

Ẹtu náà bọ́ síwájú, ẹni tí kò ní ẹ̀gún kankan lára. "Èmi náà yarí," ló wí, ó sì tẹnu bọ omi.

Òòrẹ̀ ṣe bẹbẹ, àmọ́ Ẹtu ni mo ṣí fìlà fún.