Ẹ̀ka Tí Kò Ní Àmì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ìbídùn fún yín. Òkè-Igbó ló ń gbé. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù rárá. Ohun tó bá ti yá ló dára lójú rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ gbin òdòdó kan síwájú ilé, tí àmì funfun wà káàkiri ara ewé rẹ̀. Ilé Eléwé Alámì ni gbogbo àdúgbò ń pe ilé wọn. Bí ọyẹ́ bá dé, igi náà a wọ́wé tán, Ìbídùn kékeré a sì ní ó ti kú. Ìyá rẹ̀ a rẹ́rìn-ín, a ní ó ń sùn ni. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, òdòdó pupa a yọ lára rẹ̀. Háà, ayé ìgbà náà dùn!

Ìbídùn ti di ìyá ọlọ́mọ kí ìyá rẹ̀ tó kú. Ohun kan péré ni ìyá náà bẹ̀bẹ̀ fún: kí wọ́n fi ẹ̀ka òdòdó náà sórí ibojì òun lọ́jọ́ ìrántí ọdún kẹta, lásìkò òjò.

Kò pẹ́ tí wọ́n sin ín tán ni ẹ̀ka kan yọ nídìí igi náà. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, kò ní àmì kankan, ó sì ń ga lójoojúmọ́. Bàbá Fádípẹ̀, aládùúgbò wọn, rí i.

“Ìbídùn, gé èyí,” ni bàbá wí. “Bó bá pẹ́ níbẹ̀, yóò pa ti ìyá rẹ.”

Ìbídùn kúnlẹ̀ kí bàbá, ṣùgbọ́n ó kọ etí ikún sí ọ̀rọ̀ náà. Ta ní í gé ohun tó ń dàgbà? Ó tilẹ̀ ń bomi rin ín.

Nígbà tí ọjọ́ ìrántí ku ọ̀la, ó mú ọ̀bẹ jáde. Ó yí igi náà po títí, ẹ̀ka tí kò ní àmì ti bo gbogbo rẹ̀, kò rí ewé alámì kan ṣoṣo. Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Fádípẹ̀ gbé ẹ̀ka alámì méjì wá.

“Ìyá rẹ ló fún mi ní èyí tí mo gbìn,” ni bàbá wí. “Ó di ogún ọdún tí mo ti ń gé èyí tí kò ní àmì kúrò lára rẹ̀.”

Wọ́n fi ọ̀kan sórí ibojì, Ìbídùn sì gbin èkejì. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó wọ́wé. Àwọn ọmọ Ìbídùn ní ó ti kú. Ìyá wọn ní ó ń sùn ni.

Ẹ̀yin ọmọ mi, kì í ṣe gbogbo ohun tó ń yára ga ló yẹ ká máa bomi rin. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a fagbára mú ní í le koko.